Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Kimchi Àfọwọ́ṣe fún Ẹran Yíyan ti Àwọn Ará Kòríà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti ṣe kimchi, ìyẹn ewébẹ̀ tí àwọn ará Kòríà máa ń fi iyọ̀ àti ata mú kan, nílé, nítorí pé ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa fẹ́ràn ẹran yíyan ti àwọn ará Kòríà gidigidi. Ti àkọ́kọ́ níyọ̀ débi pé a kò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí mo wá dín iyọ̀ kù nínú èkejì, omi ló kún inú ìgò, kábéèjì náà sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ náà ló ba èkejì jẹ́, iyọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ata ni kimchi dúró lé, wọ́n á fi gbogbo ọkàn sí ata pípò, wọ́n á sì sáré kọjá ibi tí a ti ń fi iyọ̀ sí ewé. Bẹ́ẹ̀, kí ọdún 1500 tó pé, kò tíì sí ata ní Kòríà rárá, iyọ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ sì fi ń tọ́jú ewébẹ̀ wọn. Iṣẹ́ méjì ni iyọ̀ ń ṣe: ó ń fa omi jáde lára ewé kí ewé náà lè le kókó lẹ́nu, ó sì ń ká àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń ba oúnjẹ jẹ́ lọ́wọ́ kò, kí àwọn tí ń mú un kan dáadáa lè ráyè ṣiṣẹ́.

Fún baechu kan, ìyẹn kábéèjì gígùn ti àwọn ará Kòríà, tó tó kílò méjì, ẹ wá iyọ̀ òkun oníhóró, nǹkan bíi gíráàmù 200. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ẹ má fi ife bù ú, nítorí pé ife kan iyọ̀ kíkúnná wúwo ju ife kan iyọ̀ oníhóró lọ dáadáa. Mo fura pé ibẹ̀ ni ti àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀bẹ la ìdí kábéèjì náà díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á ya sí méjì, torí pé bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e já, àwọn ewé wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á gé dànù. Ẹ tún la ìlàjì kọ̀ọ̀kan bákan náà. Ẹ rì wọ́n bọ omi kí iyọ̀ lè dì mọ́ wọn, kí ẹ wá máa ṣí ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wọ́n iyọ̀ sí ìdí rẹ̀ tó funfun tó sì nípọn. Orí ewé tó fẹ́lẹ́ kò nílò ju ìwọ̀nba lọ, èyí tó bá kàn án lára ti tó o.

Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ má wo aago nìkan. Ẹ mú ewé kan, kí ẹ tẹ ibi tó nípọn jù lára rẹ̀. Bí ó bá dá “kẹ́”, kò tíì tó. Bí ó bá tẹ̀ kọrọdọ tí orí fi kan ìdí láìdá, ó ti tó. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì já ibi funfun náà jẹ: ó yẹ kí iyọ̀ rẹ̀ hàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí ẹ lè gbé e mì láìwá omi. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ṣì pọ̀ jù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ dé inú asẹ́ fún wákàtí méjì, ó kéré tán. Dídín tí ẹ dín iyọ̀ kù ní ìgbà kejì ló jẹ́ kí omi tí ì bá ti jáde sínú agbada wá jáde sínú ìgò, tó sì la ata àti iyọ̀ náà. Iyọ̀ púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, fífọ̀ dáadáa lẹ́yìn rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe é.

Ní ti ata, ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì ìyẹ̀fun ìrẹsì tí ń lẹ̀ mọ́wọ́ sínú omi ife kan àtààbọ̀, kí ẹ máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù. Òun ló ń jẹ́ kí ata dì mọ́ ewé. Ẹ da gíráàmù 100 gochugaru, ìyẹn ata gbígbẹ lílọ̀ ti àwọn ará Kòríà, sí i, kí ẹ lọ aáyù orí kan àti atalẹ̀ kékeré kan mọ́ ọn, pẹ̀lú omi ẹja oníyọ̀ ṣíbí mẹ́rin àti saeujeot ṣíbí méjì, ìyẹn edé wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ pamọ́. Gochugaru ni kí ẹ lò: ata mìíràn tó bá tó ìwọ̀n yẹn yóò ta jù. Ẹ rẹ́ mu, gbòǹgbò funfun ńlá ti àwọn ará Kòríà, wẹ́wẹ́ bí igi ìṣáná, kí ẹ gé àlùbọ́sà eléwé, kí ẹ pò wọ́n pọ̀, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó máa fi ata náà kun ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Ìgò kimchi mi ń hó, omi pupa sì ń ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ó ń kan ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Leuconostoc mesenteroides ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ń jẹ ṣúgà inú ewébẹ̀, wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ yìí náà ló ń jẹ́ kí kimchi tó dára máa ta ahọ́n lẹ́rẹ́lẹ́rẹ́. Ẹ má kún ìgò ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, kí ẹ máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí ẹ sì fi ṣíbí tó mọ́ tẹ ewé wọ inú omi rẹ̀. Ọjọ́ kan tàbí méjì ti tó nínú yàrá, lẹ́yìn náà kí ó wọ fíríìjì ní nǹkan bíi 4°C. Látijọ́, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń pè ní onggi ni àwọn ará Kòríà ń rì mọ́lẹ̀ kí òtútù ìgbà yìnyín lè tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹbí àti aládùúgbò bá ti parapọ̀ ṣe kimchi ọ̀pọ̀ oṣù papọ̀. Kimjang ni orúkọ àjọṣe náà, UNESCO sì kọ ti Gúúsù Kòríà sínú ìwé ogún àṣà ní 2013. Ilé alájà tó pọ̀ kò ní ilẹ̀ tí a lè gbẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ amóhuntutù tó wà fún kimchi nìkan, irú Dimchae tó jáde ní 1995, fi gbilẹ̀ níbẹ̀. Fíríìjì lásán náà yóò ṣe é fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Èmi kì í jẹ ẹja tàbí edé. Ǹjẹ́ mo lè ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é. Àwọn àlùfáà Búdà ní Kòríà kì í fi ẹja sí tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi aáyù tàbí àlùbọ́sà sí i. Ẹ se dasima, ewé òkun gbígbẹ, pẹ̀lú olú gbígbẹ, kí ẹ lo omi rẹ̀ àti ọbẹ̀ sóyà díẹ̀ dípò omi ẹja.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ gba àlejò ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú ẹran yíyan. Irú kimchi wo ló bá irú ẹran wo mu?

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kimchi kan ṣoṣo síwájú gbogbo ẹran. Bulgogi àti galbi, ìyẹn ẹran màlúù pẹlẹbẹ àti ìhà màlúù, a máa ń rẹ wọ́n sínú ọbẹ̀ sóyà, ṣúgà, èso péà dídùn tí a lọ̀ (kì í ṣe píà ẹlẹ́ràá) àti òróró yànmọtí, wọ́n sì máa ń dùn bí oyin díẹ̀. Kimchi tútù tí kò tíì kan, geotjeori, ni èmi fẹ́ràn pẹ̀lú wọn. Ẹ lè ṣe é ní àárọ̀ Sátidé náà, nítorí pé iyọ̀ rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ bí ẹ bá ti ya ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n samgyeopsal, ẹran ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tí ọ̀rá àti ẹran rẹ̀ to léra, kò ní ohunkóhun lára tí yóò gé ọ̀rá náà lẹ́nu. Kimchi tó ti kan ni ó ń fẹ́, èyí tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán nínú fíríìjì, tí ewé rẹ̀ ti ń mọ́ gaara díẹ̀. Bí ẹ kò bá ní irú rẹ̀ nílẹ̀ báyìí, ẹ yan bulgogi fún àwọn àlejò ti Sátidé yìí, kí ẹ ṣe ìgò kimchi kan sílẹ̀ lónìí fún samgyeopsal ìgbà mìíràn.

Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá dé, ẹ gbé àwo irin tí ẹ fi ń yan ẹran dagun díẹ̀, kí ẹ fi ẹran sí apá òkè, kí ẹ sì tẹ́ kimchi sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀rá ń ṣàn lọ. Ọ̀rá náà yóò máa din ín, etí ewé yóò máa pọ́n, òórùn rẹ̀ yóò sì yí padà kúrò ní kíkan sí dídùn. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ẹran àti kimchi náà lórí àwo níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kòríà, kí olúkúlùkù sì fi ewé lẹ́tíúsì wé ẹyọ kan-kan pọ̀ pẹ̀lú ssamjang díẹ̀, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà àti ata ṣe, ní ìwọ̀n tí ẹnu lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.