Èsì: Ṣé ẹni tó ń kọ́ tíátà lè ráyè ṣiṣẹ́?

Àbúrò, o béèrè bóyá ẹni tó ń kọ́ tíátà ní Abẹ́òkúta lè ráyè lu ìlù, kó sì tún ṣiṣẹ́ gbowó. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Wo Ọjọ́bọ̀ tèmi.

Láàárọ̀, ìlù ni. Mò ń kọ́ gángan lọ́dọ̀ bàbá onílù kan. Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹgọ́, ọ̀pá tí wọ́n fi ń lu ìlù, àfi tí mo bá kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ohun tí mo fẹ́ lù. Wọ́n ní ẹni tí ò mọ oríkì, kí ló fẹ́ fi ìlù sọ? Bí mo bá fún ọṣán, ìyẹn okùn awọ ara ìlù, mọ́ abẹ́ apá, ohùn á gòkè. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Ká má parọ́, ibẹ̀ ló dùn jù fún mi.

Lẹ́yìn náà, ó di Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa kíláàsì tíọ́rì: a kọ nóòtù, ebi ń pa wá.

Nírọ̀lẹ́, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú. Mò ń ká aṣọ, mo sì ń ṣàlàyé fún oníbàárà pé oníko lèyí tí wọ́n fi ìko dì, ẹlẹ́kọ lèyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ẹni tó bá ti bá oníbàárà Ìtòkú nájà, èrò ìwòran wo ló tún fẹ́ bà á lẹ́rù?

Ṣùgbọ́n bí eré bá ti ń sún mọ́lé, ìdánrawò máa ń wọ alẹ́. Sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ kí wọ́n tó gbà ọ́ síṣẹ́.