Kọ̀ǹpútà XP tí kò rí róútà tuntun: ohun tí ojú tèmi rí

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó róútà tuntun. Ohun tí ẹ sọ yé mi: kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ fọ́tò, Windows XP ló wà lórí rẹ̀, ó ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ jẹ́jẹ́ títí ẹ fi ra róútà onísíìmù. Fóònù ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, láptọ́ọ̀pù ń wọ̀ ọ́, XP nìkan ló ń kọ "limited or no connectivity" sí yín lójú. Ẹ ní ẹ ti fẹ́ gbé e lọ kí wọ́n tún Windows fi sí i. Ẹ dákun, ẹ ṣì ní sùúrù.

Ẹ tẹ Start, ẹ tẹ Run, ẹ kọ cmd, ẹ wá kọ ipconfig /all sínú fèrèsé dúdú tó bá yọ. Mo lè fi owó lé e pé àdírẹ́sì tí ẹ máa bá níbẹ̀, 169.254 ló bẹ̀rẹ̀. Róútà kọ́ ló fún un nìyẹn. Kọ̀ǹpútà yín pè títí pé kí wọ́n fún òun ní àdírẹ́sì, kò gbọ́ ìdáhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Ẹni tó dá nọ́ńbà ilé kọ sára ògiri ara rẹ̀, tí àdúgbò ò sì mọ̀ ọ́n, ta ni yóò rí i bẹ̀ wò?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ètò rẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ róútà. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé iná ń ṣẹ́jú lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn tèmi náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá XP jìjàkadì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó, mo tún Windows fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ oníbàárà méjì sì bá a lọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló sún tábìlì kúrò lára ògiri, la bá rí ibi tí eku ti gé wáyà jẹ dé bàbà inú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má gbé e lọ.

Bí wáyà mìíràn ò bá yí nǹkan padà, ẹ fi ọwọ́ ara yín fún un ní àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ àdúgbò tí róútà tuntun wà. Lórí láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, ẹ kọ ipconfig, kí ẹ wo iwájú Default Gateway, ìyẹn àdírẹ́sì róútà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ róútà onísíìmù ti Huawei ń jẹ́ 192.168.8.1, àwọn mìíràn 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Ẹ má ṣe méfò. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni kí ẹ lò. Ká ní 192.168.8.1 ni. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àdúgbò, ẹ ò gbọdọ̀ yí wọn padà. Nọ́ńbà ìkẹyìn ni ilé, òun nìkan lẹ láṣẹ lé lórí.

Lórí XP, ẹ lọ sí Run, ẹ kọ ncpa.cpl. Ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì lé Local Area Connection, ẹ mú Properties, ẹ tẹ Internet Protocol lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá mú "Use the following IP address". Ẹ kọ 192.168.8.20 sí IP address, 255.255.255.0 sí Subnet mask, 192.168.8.1 sí Default gateway. Fún DNS, èyí tó ń sọ orúkọ ojú ewé di nọ́ńbà, ẹ tún fi 192.168.8.1 sí òkè, 8.8.8.8 sí ìsàlẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 20? Nítorí pé ọ̀pọ̀ róútà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pín tiwọn láti 100 lọ sókè. Ẹ fi láptọ́ọ̀pù wọ ojú ewé róútà (ẹ kọ àdírẹ́sì róútà síbi tí ẹ ti ń kọ orúkọ ojú ewé), ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DHCP sí, ìyẹn ètò tí róútà fi ń pín àdírẹ́sì, kí ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí ẹ mú nọ́ńbà tí kò sí láàárín wọn. Èmi fi 101 sí tèmi nígbà kan. Gbogbo ìgbà tí oníbàárà kan bá ti fi fóònù wọ Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù, róútà á fún un ní 101 náà, XP á figbe ta pé ẹnì kan ti gba àdírẹ́sì òun.

Ó ṣeé ṣe kí XP sọ pé àdírẹ́sì tí ẹ kọ wà lọ́wọ́ káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn (káàdì ni ibi tí wáyà ń wọ̀ lára kọ̀ǹpútà), bẹ́ẹ̀ káàdì kan péré ló wà lára rẹ̀. Èyí fẹ́ ya mí ní wèrè. Àrá ló ba káàdì mi àtijọ́ jẹ́, mo fi òmíràn sí i, àṣé XP ò tíì sin òkú ti àkọ́kọ́. Nínú fèrèsé dúdú, ẹ kọ set devmgr_show_nonpresent_devices=1, ẹ tẹ Enter, kí ẹ kọ devmgmt.msc nínú fèrèsé kan náà. Ẹ lọ sí View, ẹ mú Show hidden devices. Lábẹ́ Network adapters, ẹ máa rí káàdì tó ti kú, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣá. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn tó ń jẹ́ WAN Miniport o.

Ẹ wá dán an wò nínú fèrèsé dúdú, ẹ fi ping pè wọ́n bóyá wọ́n á dáhùn: ping 192.168.8.1, lẹ́yìn náà ping 8.8.8.8, lẹ́yìn náà ping google.com. Bí àkọ́kọ́ bá kọ̀, wáyà tàbí káàdì ni, tàbí kí nọ́ńbà kan ti ṣì yín kọ. Bí ìkẹta nìkan bá kọ̀, DNS ni. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dáhùn, wáyà yín ò níṣòro. Bíbéèrè àdírẹ́sì ni XP ò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ẹ kọ services.msc sínú Run, kí ẹ wò ó bóyá DHCP Client, èyí tó ń bá XP béèrè àdírẹ́sì, ti dákẹ́.

Bí ping bá ń dáhùn tí ojú ewé ò sì ṣí, ẹ wo déètì ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Bó bá ń kọ 2002, bátìrì kékeré CR2032 tó wà nínú ni ẹ máa pààrọ̀. Bí déètì bá sì pé, Internet Explorer inú XP ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ ojú ewé òde òní lọ, kò sí àdírẹ́sì tó lè wo ìyẹn sàn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n bi yín: kí lẹ fẹ́ kí XP yìí wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì? Láti April 8, 2014 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Tèmi, pírńtà àtijọ́ ló gbé dání, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ló ń tipasẹ̀ rẹ̀ tẹ̀wé. Mo fún un ní àdírẹ́sì àti Subnet mask, mo fi àyè Default gateway àti DNS sílẹ̀ lófìfo. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù ń rí i, òun ò rí ọ̀nà òde. Bó bá jẹ́ pé fọ́tò nìkan lẹ fẹ́ máa gbé láti orí láptọ́ọ̀pù sínú rẹ̀, ẹ ṣe tiyín bẹ́ẹ̀.