Tíṣà, ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà yín ni mo rí

Tíṣà kan ló kọ̀wé sí mi láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo gé lẹ́tà náà kúrú díẹ̀:

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 53 ni mí, físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa. Lóṣù tó kọjá, orí Ásà ọba ni ẹ̀kọ́ wa dá lé, ẹni tí Kíróníkà Kejì orí 16 sọ pé nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò wá Olúwa, àwọn oníṣègùn ló wá. Arábìnrin kan dìde, ó ní nítorí ẹsẹ Bíbélì yẹn lòun ṣe dá oògùn ojoojúmọ́ ọmọ òun dúró, ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Mo sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé ó ṣìnà, kó padà sídìí oògùn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, pásítọ̀ ti gba kíláàsì lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ìwé àkàjù ti fẹ́ pa ìgbàgbọ́ mi, pé kí n lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ìyàwó mi náà ní kí n lọ tọrọ àforíjì, pé a kì í ro Ọlọ́run wò, gbígbà la ń gbà á gbọ́. Màmá, ṣé ẹni tó bá ń lo làákàyè kò lè jẹ́ onígbàgbọ́ mọ́ ni? Níbo ni òmìnira ẹ̀sìn tí òfin fún wa wà? Oorun kò kùn mí mọ́. Ọmọkùnrin mi tó wà ní yunifásítì tún dá kún un: ó tẹ̀ lé bàbá àgbà kan nínú ẹbí wa lọ sọ́dún Olósùnta, òrìṣà orí òkè ìlú wa, ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo ti sọ fún un pé kò sí owó ilé-ìwé títí yóò fi padà sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Tíṣà, ẹ kú ìdààmú. Ọ̀dọ̀ arábìnrin yẹn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá kò lè dúró de àgbàlagbà kí wọ́n parí àríyànjiyàn. Òótọ́ lẹ sọ fún un. Ohun tí Bíbélì bá Ásà wí sí ni pé ó pa Ọlọ́run tì. Bíbélì yẹn kan náà ló sọ nínú Àwọn Ọba Kejì orí 20 pé lẹ́yìn tí Olúwa ti gbọ́ àdúrà Hesekáyà tán, Aísáyà ṣì ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n sì fi lé eéwo ọba. Wòlíì ni Aísáyà o, kì í ṣe tíṣà físíìsì.

Ẹ tún wo èyí. Ọ̀pọ̀ ìjọ ní Èkìtì níbí kì í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù wá. Ta ló kọ ìwé yẹn? Ará láábù ni. Nígbà tó bá ní AS àti AS ni àwọn méjèèjì, pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ewu ìdá kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ á ní fòníkú-fọ̀ladìde, pásítọ̀ á gbà á gbọ́ láìgbààwẹ̀ lé e lórí. Báwo ni láábù ṣe wá ń sọ òótọ́ kí ìgbéyàwó tó wáyé, tó wá di àìnígbàgbọ́ lẹ́yìn tí ọmọ ti dé?

Ibi tí ẹ ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ni ti níwájú gbogbo èèyàn yẹn. Abiyamọ ni. Ẹ sọ ọ́ di ẹni tó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin. Ẹ mú ìyàwó yín dání, kí ẹ lọ bá a nílé, kí ẹ sì fara balẹ̀ bi í pé èló ni oògùn yẹn lóṣù. Mo ti pẹ́ láyé tó láti mọ̀ pé nígbà mìíràn, owó oògùn ló tán, ìtìjú ni kò jẹ́ kí èèyàn sọ ọ́, ni wọ́n bá fi ìgbàgbọ́ bò ó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tí kíláàsì àwọn àgbà lè dáwó fún.

Ẹ má sì rò pé pásítọ̀ yín ló dá ẹ̀kọ́ pé oògùn lòdì sí ìgbàgbọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsọjí ọdún 1930, èyí tí wòlíì Joseph Ayo Babalola ṣe agbátẹrù rẹ̀, tó sì gba gbogbo agbègbè wa kan (Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbí ni wọ́n sin ín sí), ọ̀rọ̀ oògùn dá ìjà sílẹ̀. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n pè wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Àwọn aṣáájú tiwa ní ẹni tó ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá kò gbọdọ̀ gbé e mì. Ọ̀rọ̀ kuiníìnì yẹn wà lára ohun tó tú wọn ká, kí àwọn tiwa tó wá fi orúkọ ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí àrùn lùkúlùkú ọdún 1918 ṣojú wọn, tí ilé ìwòsàn jìnnà sí, tí èyí tó wà nítòsí náà kò sì rí oògùn rẹ̀, àdúrà ni wọ́n rí dì mú, ó sì gbé wọn ró. Àmọ́ ìgbà tiwọn nìyẹn. Oògùn ti wà fún ọmọ arábìnrin yìí lónìí.

Sí ìbéèrè yín. Ṣé onígbàgbọ́ lè ronú? Ẹ jọ̀ọ́, Èkìtì la wà! Ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní orísun ìmọ̀, tí ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ débi pé ní ìsìnkú kan, tí ẹ bá kígbe "Prof!", èèyàn mẹ́ta á bojú wẹ̀yìn. Àwọn tó mú Bíbélì wá bá wa náà ló kọ́ Christ's School sí Adó ní 1933. Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé Olúwa fúnra rẹ̀ ló sọ nínú Aísáyà orí kìíní pé ẹ wá, kí a jọ sọ àsọyé pọ̀. Ẹ fohùn tútù sọ ọ́ o. Ojú ló ń ti ìyàwó yín láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe Ọlọ́run ló ń gbèjà.

Ní ti òmìnira, ẹ jẹ́ ká tún un wò. Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún yín ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, títí kan òmìnira láti yí ẹ̀sìn padà. Kò fún yín ní kíláàsì. Ìjọ ló ni kíláàsì rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tí yóò kọ́ ọ, bó tilẹ̀ yàn án bí ẹni di ojú. Wọ́n rẹ́ yín jẹ, mo gbà, ṣùgbọ́n inúnibíni kọ́ nìyẹn. Babalola tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932 nítorí iṣẹ́ ìwàásù rẹ̀. Ẹ̀yin ṣì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ lọ bá pásítọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ mú àgbà ìjọ kan dání. Ẹ tọrọ àforíjì pé ẹ dójú ti arábìnrin láàárín èrò. Ẹ má tọrọ àforíjì lórí oògùn. Ààwẹ̀ ọjọ́ méje, bí ara yín bá gbà á, ẹ gbà á, ẹ fi gbàdúrà fún ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ jáde wá sọ pé oògùn rẹ̀ lòdì sí ìgbàgbọ́, ó yá kí ẹ wá ìjọ mìíràn.

Wàyí o, ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà yín.

Ojú-ìwé méjì lẹ fi sọ ti kíláàsì, gbólóhùn méjì péré lẹ fi sọ ti ọmọ. Tíṣà, pásítọ̀ gba kíláàsì lọ́wọ́ yín nítorí ohun tí ẹ gbà gbọ́. Ẹ̀yin gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ yín nítorí ohun tó gbà gbọ́. Ẹ sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọ̀kan ṣoṣo lèmi rí: pásítọ̀ kọ́ ló ń bọ́ yín.

Mi ò ní tàn yín. Ańgílíkà la bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ń darúgbó. Bí ọmọ mi bá fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́wọ́ wọlé, àyà mi á já, mo sì lè má jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n Olósùnta ti wà lórí òkè yẹn kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ nínú ilé yín, ẹ̀sìn bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà bóyá bàbá yẹn bínú. Bó bá ti fi oúnjẹ dù ú títí ó fi padà sídìí òkè ni, níbo lẹ̀yin ì bá wà lónìí?

Ẹ̀yin olùkọ́ sì mọ òfin yìí dáadáa: abala 38 yẹn kan náà ní ilé-ìwé kò gbọdọ̀ fi agbára mú akẹ́kọ̀ọ́ wá síbi ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí òfin bá gba ọmọ kékeré sílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ìwé, ọmọ yunifásítì ńkọ́?

Mi ò ní kí ẹ dákẹ́. Ilé yín ni, ẹ lè ní ẹ kò fẹ́ ìbọ nínú ilé. Ẹ lè bá a jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ bi í pé kí ló rí níbẹ̀ tí kò rí lọ́dọ̀ wa, kí ẹ sì jẹ́ kó dáhùn tán kí ẹ tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ìbéèrè tí ẹ̀yin náà béèrè nípa Ásà ló gbé e débẹ̀, tí kò sí tíṣà kankan nínú kíláàsì tiwọn. Àmọ́ bí owó ilé-ìwé bá dá a padà, owó ilé-ìwé ni yóò máa kúnlẹ̀ fún ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin méjèèjì á sì mọ̀.

Ẹ san owó náà kí ẹ tó lọ bá pásítọ̀. Tó bá ti wọlé, ẹ pe ọmọ náà lórí fóònù. Ẹ má tí ì dárúkọ òkè, ẹ má dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.