Ẹni tó fẹ́ fi pawa báìkì sá 200 lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Yamaha R6 tòkunbọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ wá sọ fún ẹ pé láàárọ̀ Sọ́ńdè títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn máa ń dá páropáro, pé ibẹ̀ lèèyàn ti lè gbé e dé kilomítà 200 ní wákàtí, o wá ń bèèrè pé ṣé hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti jákẹ́ẹ̀tì tó dáa ti tó. Rárá, kò tó. Mi ò bú ẹ o, èmi náà fẹ́ràn máṣíìnì dénú eegun, àmọ́ irin wà nínú itan ọ̀tún mi títí dòní nítorí títì yẹn kan náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fara balẹ̀ dá ẹ lóhùn.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Tó o bá wà lórí 100, bíi mítà 28 lò ń lọ ní sẹ́kọ́ńdù kan. Tó bá di 200, ó di mítà 56. Kí ojú ẹ tó rí nǹkan, kí ọpọlọ ẹ tó gbà pé òótọ́ ni, kí ìka ẹ tó kan bíréèkì, sẹ́kọ́ńdù kan ti lọ nìyẹn, ìyẹn tí kò bá tíì rẹ̀ ẹ́ o. Ìgbà yẹn ni bíréèkì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lórí títì ọ̀dà tó gbẹ, pẹ̀lú táyà tó dáa àti ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, máṣíìnì tó wà lórí 100 á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo mítà 50 kó tó dúró. Àwọn èèyàn rò pé tó bá wà lórí 200 á lo 100, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìlọ́po mẹ́rin ni, bíi mítà 200, kó o wá fi 56 tàkọ́kọ́ yẹn kún un. Ó ti ju mítà 250 nìyẹn, ó ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ.

Níbo lórí títì yẹn lo ti fẹ́ rí mítà 250 tí ẹnikẹ́ni ò ní já wọ̀? Tó o bá ti kúrò ní Berger, Kara ló kàn, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù àti àgbò. Lẹ́yìn ìyẹn Ìbàfò àti Mowe, ìyá ọlọ́jà á fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ á máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Lẹ́yìn náà Redemption Camp. Sọ́ńdè tí wọ́n ní ó dá yẹn gan-an ni àwọn ará ìjọ ń sọdá lọ síbí sọ́hùn-ún, wọ́n fa ọmọ lọ́wọ́. Tó o bá kọjá Ṣágámù, o dé Ògèrè, tírélà àti táńkà ló ń sùn síbẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì á máa kán sílẹ̀, o ò sì ní rí i tó o bá wà lórí eré torí dúdú ni títì náà. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ Julius Berger àti RCC ti tún títì yẹn ṣe, ó ń dán, ó ń pe ọwọ́ èèyàn pé kó fún un níná sí i. Ọ̀dà ni wọ́n tún ṣe, àwọn tó ń lò ó ò yí padà, onímọ́tò tó ń gba wọ́n-wéè nígbà tó jẹ́ kòtò ṣì ń gba wọ́n-wéè.

Èmi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn, mo ti kọjá Ògèrè, Ṣágámù ò jìnnà mọ́. Àárọ̀ ni, títì gbẹ, mi ò mutí, bíi 160 ni mo wà, kò tiẹ̀ tó èyí tí ìwọ ń wá. Sienna kan yọjú níbi àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín títì, ó dúró, ó kọjú sọ́dọ̀ mi, mo rí i tó wò mí, ló bá ki orí bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ gan-an tí mo fi ń bínú sí bàbá tó wa Sienna yẹn kó tó yé mi. Ẹ̀yìn mi ni òòrùn wà, inú èmi dùn sí i torí mò ń ríran kedere, àmọ́ ojú tiẹ̀ ló ń kọ sí. Ohun tó rí ò ju iná kékeré kan lọ lọ́ọ̀ọ́kán, lójú tiẹ̀ ọ̀kadà ni, ọ̀kadà tó wà lọ́hùn-ún yẹn, á ti kọjá kó tó dé. Ká tiẹ̀ ní ó mọ̀ pé pawa báìkì ni, 100 lòfin FRSC, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, fi mọ fún mọ́tò kékeré lórí márosẹ̀, ìṣirò ẹni tó ń bọ̀ lórí 100 náà ló máa ṣe. Ẹni tó wà ní mítà 250 lórí 100, sẹ́kọ́ńdù mẹ́sàn-án ló máa lò kó tó dé, Sienna á ti sọdá. Ẹni tó bá ń sá 200, kò ní pé sẹ́kọ́ńdù márùn-ún tó fi máa wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀. Torí náà má gbọ́ tiwọn pé tó o bá ti mọ̀ ọ́n gùn kò séwu. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n kú sórí títì yẹn mọ máṣíìnì gùn jù mí lọ.

Ti hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó o bèèrè, dé e, má dé èyí tó jẹ́ ike lásán. Gbogbo wa la rántí 2009 nígbà tí FRSC ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, táwọn kan wá ń dé igbá àti ike ọ̀dà kiri, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì báyìí ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jùyẹn lọ. Èyí tó ní àmì ECE lára, ìyẹn àmì pé ó yege ìdánwò, ni kó o wá. Àmọ́ mọ ohun tó wà fún: nígbà tí wọ́n ń dán èyí tó ní ECE 22.05 wò, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó já lu irin, eré ẹ̀ jẹ́ mítà 7.5 ní sẹ́kọ́ńdù kan, bíi kilomítà 27 ní wákàtí. Ìyẹn tó fún orí tó já bọ́ láti orí máṣíìnì sílẹ̀, òun ló jẹ́ kí n ṣì lè máa bá ẹ sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún kọnkéré tó wà láàárín títì tó o bá fi 200 lọ gbá a. Jákẹ́ẹ̀tì náà, awọ ara ló ń bá ẹ tọ́jú, kò mọ nǹkan kan nípa eegun itan. Owó tí mo ná sórí ẹsẹ̀ yìí ju owó máṣíìnì náà lọ fíìfíì.

Tó o bá ti ra R6 náà ná, gùn ún, adùn ẹ̀ wà ní kọ́nà àti ní bó o ṣe ń mú jíà, má kàn jẹ́ kí eré ẹ ju ibi tí ojú ẹ lè rí lọ. Kọ́kọ́ wo táyà ẹ̀, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí, tó bá jẹ́ 2215, ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é, ó ti gan, bọ́ ọ dànù bó ti wù kó ṣì ní ojú tó. Tí máṣíìnì náà bá ti ṣáájú 2017, kò ní ABS tí kì í jẹ́ kí táyà dì, tó o bá já bíréèkì iwájú gbà lójijì táyà á dì, kò ní yí mọ́, ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Wá pápá ńlá tó ṣófo, bẹ̀rẹ̀ lórí 40, máa fún bíréèkì iwájú díẹ̀díẹ̀ kí iwájú máṣíìnì kọ́kọ́ jókòó kó o tó fún un tán, ṣe é títí ọwọ́ ẹ á fi mọ̀ ọ́n láìronú, kó o tó lọ sí 60.

Kó o sì bá àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gùn ún sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jáde. Nígbà tí mo ṣubú, àwọn ará abúlé sáré wá, Ọlọ́run á bù kún wọn, àmọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbé mi, eegun tó ti ṣẹ́ tún gún ẹran inú, ẹnì kan sì ti ń fa hẹ́límẹ́ẹ̀tì lọ́rùn mi. Tí ẹnì kan bá ṣubú nínú yín, kí ẹnì kan lọ dúró lẹ́yìn pátápátá, níbi tí tírélà á ti tètè rí i, kó máa fi aṣọ ṣe àmì fáwọn tó ń bọ̀. Kí ẹlòmíì di orí ẹni tó ṣubú mú kó má mì, ẹ má bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tó bá ṣì ń mí dáadáa, ẹ pe 122 ti FRSC, kẹ́ ẹ sì sọ àdúgbò tẹ́ ẹ wà àti apá títì tó jẹ́, bóyá ti Ìbàdàn ni o, bóyá ti Èkó ni.