Báwo ni a ṣe ń ka ìtàn èrè ìpín ilé-iṣẹ́ kan, kí sì ni ìwọ̀n èrè ìpín?

Èrè ìpín ni owó tí ilé-iṣẹ́ ń san fún àwọn tí ó ní ìpín nínú rẹ̀. Láti mọ ìwọ̀n èrè ìpín, ẹ ó mú gbogbo èrè tí ilé-iṣẹ́ san lórí ìpín kan láàárín ọdún kan, ẹ ó fi iye tí ìpín náà ń tà lọ́jà pín in, ẹ ó sì sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá san 2 lórí ìpín tí ó ń tà ní 50, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá 4 nínú 100.

Ẹ kíyè sí i pé bí ìpín náà bá já wálẹ̀ sí 25 kí ilé-iṣẹ́ tó yí èrè padà, ìwọ̀n náà yóò di ìdá 8, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ó ń wọ ọwọ́ yín kò fi nǹkan kan pọ̀ sí i. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ìwọ̀n tí ó ga jù yẹ kí ó kọ́kọ́ fa ìbéèrè, kì í ṣe ayọ̀.

Ìtàn èrè, ìyẹn àkọsílẹ̀ èrè ìpín tí ilé-iṣẹ́ ti san láti ọdún dé ọdún, ni yóò ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ wo ọdún púpọ̀, pàápàá àwọn ọdún tí ọrọ̀ ajé le, kí ẹ sì yọ èrè àkànṣe tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kúrò. Síbẹ̀, ìtàn kì í ṣe ìlérí: General Electric ti Amẹ́ríkà, tí ó ti ń san èrè tipẹ́tipẹ́, kéde ní ọdún 2018 pé èrè oṣù mẹ́ta-mẹ́ta òun yóò wálẹ̀ láti sẹ́ǹtì 12 sí sẹ́ǹtì 1. Ẹ tún fi ohun tí ilé-iṣẹ́ ń san wé ohun tí ó ń pa wọlé, nítorí èyí tí ó ń san ju èyí tí ó ń rí lọ kò lè pẹ́ kí ó tó dín in kù.