Kílò tó lọ mọ ọ̀nà ilé

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ẹ dín kílò 19 kù láàárín oṣù mẹ́sàn-án, pé 7 ti padà báyìí, bẹ́ẹ̀ ẹ kò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ wá ń bèèrè bóyá ayé ló ń ṣe yín. Ayé kọ́. Ó ti ṣe èmi náà rí, tèmi tilẹ̀ burú ju tiyín lọ.

Ní 2016 mo ra tíì kan lọ́wọ́ obìnrin kan tó ní ó ń fọ ọ̀rá inú. Ìgbẹ́ ni tíì ọ̀hún ń ya mí, omi ara ni mo ń dà nù, èmi rò pé ọ̀rá ni. Mo fi ebi kún un, kùkúńbà láàárọ̀, ẹ̀fọ́ lálẹ́. Oṣù márùn-ún, kílò 22 lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kí mi. Kí ọdún kejì tó parí, 26 ti padà, mo wá tóbi ju bí mo ṣe wà kí n tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò kí mi mọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà rèé. Ẹni tó jẹ́ kílò 98, ẹrù ló ń rù kiri láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá di 77, wọ́n ti sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún un, oúnjẹ tó ń gbé 98 ró ti pọ̀ jù fún un. Nítorí náà, "n kò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ" tí ẹ wí yẹn, tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an ni wàhálà. Ara tún ń rò pé ìyàn ló mú, ó ń dá ebi sílẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ètò orí tẹlifíṣọ̀n kan wà rí ní Amẹ́ríkà tí àwọn tó sanra ti máa ń figagbága, ẹni tó bá dínkù jù ló máa ń gbowó. Àwọn onímọ̀ padà lọ wo 14 nínú wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2016: agbára oúnjẹ tí ara wọn ń jó lójúmọ́ ṣì fi nǹkan bíi kálórì 500 (kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) dín sí iye tó yẹ kí ara tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ máa jó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà! Àwo ìrẹsì kan tó kún dáadáa nìyẹn. Ọjọ́ tí mo ka èyí, mo sunkún. Kó tó dìgbà náà, wọ̀bìà ni mo máa ń pe ara mi.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ ní 2019, láti 98. Mo rọra ṣe é lọ́tẹ̀ yìí, kílò 21 láàárín oṣù 13. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún báyìí tí mo ti wà láàárín 77 sí 80.

Ìró àti bùbá ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Ìró kì í sọ òótọ́: bí ìdí ṣe ń fẹ̀, ẹ ó kàn máa fà á síwájú díẹ̀ sí i ni. Ọjọ́ tí mo gbé síkẹ́ẹ̀tì kan jáde fún ìsìnkú ni síìpù dúró sí agbede méjì. Télọ̀ mi tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè sí iná, ó ní, "Mọ̀mí, aṣọ tó kù nínú ẹ̀ ò ju ìka kan lọ mọ́ o."

Nítorí náà mo ra òṣùwọ̀n. Láràárọ̀, tí mo bá ti tọ̀ tán, kí n tó mu omi, mo ń gùn ún, mo sì ń kọ iye rẹ̀ sórí kàlẹ́ńdà. (Kàlẹ́ńdà ìsìnkú bàbá kan ládùúgbò ni. Ojoojúmọ́ ni bàbá ń wò mí.) 80 ni ààlà. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò já mọ́ nǹkan kan: iyọ̀ páátì ọjọ́ Sátidé lè fa omi kílò kan àtààbọ̀ sára, yóò sì ti lọ kó tó di Túsìdeè, nǹkan oṣù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta ju 80 lọ, mo ń yọ ìgbakọ àmàlà kan, n kò sì ní fọwọ́ kan gààrí títí di 78. Kílò méjì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Méje, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń gbà.

Mo dárúkọ gààrí. Òun ni olè inú ilé tèmi. Nílé wa, gààrí tí a fi omi tútù rẹ kì í ṣe oúnjẹ, ìpanu ni, èmi kò sì kà á rí. Lọ́jọ́ kan mo gbé ife tí mo fi ń bù ú sórí òṣùwọ̀n kékeré: gírámù 140. Gírámù 100 gààrí lé ní kálórì 300. Ẹ̀pà tí mo ń dà lé e, gírámù 100 rẹ̀ sún mọ́ 570. Ṣúgà ń bẹ níbẹ̀ náà. Mò ń fi ìyà jẹ ara mi lórí àmàlà alẹ́, mo sì ń mu ohun tó jù ú lọ lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró: ṣíbí ìjẹun kan tó nǹkan bíi 120, èmi sì ń fi ojú dà á.

Mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí Míkírà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn níbí, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn dé Dùgbẹ̀, àlọ àtàbọ̀. Ní 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn tó dín kílò 13 ó lé kù sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọn kò sì jẹ́ kó padà fún ọdún kan ó kéré tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń fi bíi wákàtí kan rìn tàbí ṣe eré ìdárayá lójúmọ́, wọn a sì máa wọn ara wọn déédéé.

Ti ẹbí ló le jù. Ìyá ọkọ mi wò mí sùn-ùn, wọ́n ní, "Ṣé ọmọ mi ò fún ẹ lówó oúnjẹ mọ́ ni?" N kò sọ pé mò ń dín ara kù. Mo kúnlẹ̀, mo ní dókítà ló ní kí n dín oúnjẹ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, òótọ́ sì ni. Kò sí ẹni tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jiyàn. Mo jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́, wọ́n bá mi di ìyókù.

Ẹ má tíì máa lé 19 yẹn o. Ẹ kọ́kọ́ dá 7 dúró níbi tó dé fún oṣù kan. Tí ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta, ẹ sọ fún dókítà, nítorí ó máa ń mú àwọn obìnrin kan sanra.

Àárọ̀ yìí, 79.6. Ọmọ àbúrò mi ń ṣègbéyàwó ní Sátidé, àná ni mo gbé aṣọ ẹbí lọ fún télọ̀. Ó bi mí bóyá kí òun fi aṣọ díẹ̀ sínú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ fún títú. Mo ní rárá. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà, mo ní kó fi ìka kan sí i.