Àyè ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n: fífa Accord wálẹ̀ ní Ìbàdàn

Àbúrò, o ní Honda Accord 2003, èyí tí wọ́n ń pè ní "End of Discussion", lo ń wà, o fẹ́ fà á wálẹ̀ kí táyà àti fẹ́ńdà lè súnmọ́ ara wọn, àmọ́ ìyàwó àti ọmọ méjì ló ń bá ọ wọ̀ ọ́ láti Akobo lọ sí Ring Road. Mẹkáníìkì rẹ sì ní kí o jẹ́ kí òun gé rìǹgì méjì kúrò lára sípíríǹgì, ó ní ó parí. Kò parí rárá. Irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni mo ń wà. Mo ti fà á wálẹ̀, mo ti gbé e sókè díẹ̀ padà, mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, mo ti pààrọ̀ táyà, lórí títì Ìbàdàn yìí kan náà. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fà wálẹ̀ tó ń gbá èèyàn nídìí, kì í ṣe pé sípíríǹgì rẹ̀ le. Àyè ló tán. Bí táyà bá gun bọ́ǹpù, ó gbọ́dọ̀ ríbi gòkè sí nínú fẹ́ńdà. Rọ́bà kan wà lórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, bump stop ni wọ́n ń pè é, òun ló ń dá táyà dúró kí irin má baà lu irin. Ká ní táyà ní sẹ̀ǹtímítà 7 láti gòkè kí rọ́bà yẹn tó dá a dúró, tí o wá fa ọkọ̀ wálẹ̀ ní 4, 3 péré ló kù fún gbogbo kòtò ìlú yìí. Gbé ìyàwó, ọmọ, àpò ìrẹsì àti jẹ́ńrẹ́tọ̀ sí i, 3 yẹn náà ti ń tán lọ kí o tó jáde ní géètì. Látìgbà yẹn lọ, orí rọ́bà lẹ jókòó lé. Ìdí nìyẹn tí sípíríǹgì tó le díẹ̀ tó ṣì ní àyè fi ń tuni lára ju èyí tó rọ̀ tó ń kanlẹ̀ ní gbogbo ìgbà lọ.

Ní ti gígé, má gbà fún un. Sípíríǹgì tó kúrú á le sí i: bí rìǹgì 6 bá ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ tí o gé 1, ó ti fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i, gé 2, ó di ìdá 50. Ṣọ́ọ̀kì tó bá ọkọ̀ wá kò lè di irú agbára bẹ́ẹ̀ mú, ọkọ̀ á kàn máa fò lẹ́yìn gbogbo bọ́ǹpù. Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyí: bí o bá rí ọkọ̀ tí wọ́n gé sípíríǹgì rẹ̀, jẹ́ kí wọ́n fi jáàkì gbé e dáadáa títí táyà á fi rọ̀ wálẹ̀, kí o fọwọ́ mi sípíríǹgì náà wò. Bó bá ń yí lọ́wọ́ rẹ, kò sí ohun tó dì í mú níbi ìjókòó rẹ̀ mọ́. Bó ṣe máa rí nìyẹn nígbà tí táyà bá ré sínú gọ́tà, tí ọkọ̀ bá sì padà jókòó lé e, ó lè má bọ́ sójú ibi tó yẹ. "Kó!" tí wàá máa gbọ́ lábẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n sì ń fi iná wẹ́dà yọ́ kó lè wálẹ̀ burú jù ú lọ, torí iná yẹn ti ba irin náà jẹ́. Á máa wálẹ̀ lọ ni, ó sì lè kán lójú ọ̀nà.

Kí o tó náwó kankan, gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, kí gbogbo yín wọlé jókòó bí ẹ ṣe máa ń jókòó. Kí ẹlòmíràn fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín ríìmù dé etí fẹ́ńdà lókè, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kó má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí atẹ́gùn táyà á da òǹkà rẹ̀ rú. Lẹ́yìn ìyẹn, wá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn rewáyà fi ń so wáyà jọ. Ká rọ́bà tó bo ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì sókè, so ike náà mọ́ ọ̀pá tó ń dán yẹn, kó dì í mú ṣùgbọ́n kó ṣì lè rìn, kí o wá tì í wálẹ̀ títí á fi kan ara ṣọ́ọ̀kì. Wa ọkọ̀ lọ síbi tí o máa ń lọ, gba General Gas, Bashorun, Ìwó Road, dé Ring Road, kí o sì padà wálé. Ibi tí o bá bá ike náà lórí ọ̀pá ni ṣọ́ọ̀kì rìn dé. Àyè tó kù láàárín ike àti bump stop ni gbogbo owó tó wà lápò rẹ; inú ẹ̀ ni wàá ti yọ ohun tí o fẹ́ fi fà á wálẹ̀. Rántí pé lára Accord yìí, ṣọ́ọ̀kì kì í rìn tó bí táyà ṣe ń rìn, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ọ̀pá ju 1 lọ nídìí fẹ́ńdà. Lára tèmi, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń tán, nítorí ẹrù búùtù. Ìdí tí mo fi jẹ́ kí ẹ̀yìn ga díẹ̀ ju iwájú nìyẹn. Bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n á dọ́gba.

Ibi tí mo dúró sí ni nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ níwájú, ẹ̀yìn kò tó bẹ́ẹ̀. Ó hàn sójú dáadáa, ó sì dùn-ún wò. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni tó ń gbé ọmọ níyànjú pé kó kọjá 3 nílùú yìí. Àwọn bọ́ǹpù tí àwọn láńlọ́ọ̀dù fi sìmẹ́ńtì mọ sẹ́nu àdúgbò, kò sẹ́ni tó wọn gíga wọn kó tó dà wọ́n.

Sípíríǹgì tí wọ́n dìídì ṣe fún fífà wálẹ̀ ni kí o rà, Eibach, H&R àti Tein wà lára àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀, kí o sì ra ṣọ́ọ̀kì tó bá a mu pẹ̀lú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lo máa rà ní ọjà páàtì Gate, yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò bóyá epo ń rin lára ẹ̀, kí o tì í wọlé, kí o fà á jáde. Ó gbọ́dọ̀ máa ta kò ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì sí ibì kan tó ṣófo. Bó bá jẹ́ coilover, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tó wà pọ̀ tí èèyàn lè yí gíga rẹ̀ padà, wá irú èyí tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ lo máa yí láti yí gíga padà, èyí kì í jẹ àyè ṣọ́ọ̀kì. Má sì yí líle ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ dé òpin, torí táyà tí kò tètè padà sísàlẹ̀ lẹ́yìn kòtò kìíní á ṣì ga nígbà tí kejì bá dé, nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta ó ti kan rọ́bà.

Má jẹ́ kí ríìmù ńlá tàn ọ́. Ẹ̀gbẹ́ táyà 205/60R16, ti ríìmù 16, ga tó mílímítà 123. Ẹ̀gbẹ́ 225/40R18, ti ríìmù 18, ò ju 90 lọ. Mílímítà 33 rọ́bà àti atẹ́gùn tó ń gba ìyà fún yín lo fẹ́ sọnù yẹn, kò sì sí sípíríǹgì tó lè dá a padà. Dúró lórí 16, kí atẹ́gùn rẹ̀ bá ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà mu.

Èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe nìyí, kí o dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe é. Àwọn nọ́ọ̀tì tó di rọ́bà búṣì lówà àámù (apá irin tó so táyà mọ́ ara ọkọ̀ lábẹ́) mú, wọn ò gbọdọ̀ fún wọn pa nígbà tí táyà bá ń rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ lórí jáàkì. Kí wọ́n fọwọ́ mú wọn lásán, kí wọ́n gbé ọkọ̀ jókòó sórí táyà rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí wọ́n wá fún un. Bí wọ́n bá fún un lórí jáàkì, búṣì á lọ́ mọ́ra gbogbo àkókò tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, á máa le, kò sì ní pẹ́ ya.

Fi bí ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí sípíríǹgì jókòó, kí o wá lọ ṣe alignment. Táyà tó bá wálẹ̀ máa ń tẹ̀ wọnú lókè, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọjú síra wọn níwájú ló ń yára jẹ inú táyà jù; ìyẹn ni kí o ní kí wọ́n tún ṣe dáadáa. Bí iwájú àti ẹ̀yìn kò bá wálẹ̀ bákan náà, iná iwájú náà á ti yí, kí wọ́n bá ọ tún un gbé lọ́jọ́ yẹn kan náà.